Eérú Inú Ajílẹ̀ Ìyá Sikirath

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdù 1957. Bantè
Òjò lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Olè ni mo ń pè é báyìí. Lọ́dún tó kọjá, a fọ́n gbogbo ajílẹ̀ òyìnbó sórí ilẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, Olè sì kó agbára rẹ̀ lọ sódò. Lọ́dún yìí, ọ̀nà tèmi ni: ìlàjì nígbà tí àgbàdo bá hù, ìlàjì kejì nígbà tó bá dé orúnkún. Ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀, kí a fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Kí Olè wá kó o ká wò ó!

Houlératou, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Sikirath, ló gbà kí n fi oko òun ní Atokoligbé dán an wò. Opó ni. Chitou, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti ní bí oko náà ò bá ṣe dáadáa lọ́dún yìí, òun á gba ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun padà. Mo ní kí ìyá fọkàn balẹ̀. Mo fi orúkọ mi búra.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Òkúdù
Marcelline ìyàwó mi bí ọkùnrin! Mo kọ lẹ́tà sí Èjìká ní Savalou lójú ẹsẹ̀: kó wá ṣe bàbá ìsàmì ọmọ. Grégoire ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi èjìká gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà nígbà tí àìsàn dá mi wólẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọdún méje rèé tí mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ni wọ́n máa fi ṣe ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Savalou. Oko tí kálukú wa ń dán wò ni òyìnbó máa wò kó tó yan ẹnì kan. Ẹni tó bá gbà á, kò sí ìjà.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Òkúdù
Ibà. N kò lè gun kẹ̀kẹ́. Àgbàdo Ìyá Sikirath ti dé orúnkún, ó tutù yọ̀yọ̀. Èjìká wá kí mi — ó ní òun á bá mi yà lọ́dọ̀ ìyá náà, kí n sùn. Èèyàn rere.

Ọjọ́bọ̀, 27 Òkúdù
Ibà ti fi mí sílẹ̀. Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ ni, wọ́n ti ń sin ìlàjì kejì. N kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí òórùn fi gbá mi nímú, òórùn bí ìtọ̀ àná nínú ìkòkò. Ojú ń ta mí. Wọ́n ti da ajílẹ̀ náà pọ̀ mọ́ eérú! Olùkọ́ fi han èmi àti Èjìká nígbà kan: eérú ń lé agbára ajílẹ̀ jáde, ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Gbogbo kíláàsì ló sunkún lọ́jọ́ náà, Èjìká sì ń rẹ́rìn-ín.

Kò sí ilé tí wọn kì í fi eérú tọ́jú irúgbìn níbí. Mo rò pé àṣà yẹn ni. Mo bú ìyá lójú gbogbo ọlọ́wẹ̀: ìsìnkú la ní kẹ́ ẹ ṣe, ẹ wá ń se ọbẹ̀! Ó wò mí. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó tún dì í.

Ọjọ́ Ajé, 8 Agẹmọ
Ewé ìsàlẹ̀ ti ń pọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 18 Agẹmọ. Savalou
Òyìnbó wo oko méjèèjì. Ti Èjìká dára gan-an — ọ̀nà tèmi ló lò, èmi ni mo kọ́ ọ. Òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní kí n má banújẹ́, eérú ló bà á jẹ́. N kò rántí pé mo sọ ọ̀rọ̀ eérú fún un. Bóyá ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́wẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Agẹmọ
Chitou ti gba ilẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́.

Mo lọ bá Ìyá Sikirath. Kò bínú, èyí ló dùn mí jù. Ó ní: “Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ ránṣẹ́ pé kí n fi eérú sí i. Ọ̀rẹ́ yín mú ìwé yín wá. Mo mọ ìrù tí ẹ máa ń fà sídìí orúkọ yín, òun ló wà lórí ìwé tí ẹ fún mi lọ́jọ́ tí ẹ gbé ajílẹ̀ wá. Mo ní kó jẹ́ kí n tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, mo rò pé ẹ gbàgbé ni. N kò fẹ́ dójú tì yín láàárín èèyàn.”

Ó tú etí aṣọ. Ìwé mi ni lóòótọ́. Èjìká mọ̀ pé ìyá náà kò mọ ìwé kà.

Ó ní kí n kà á sókè, kí òun gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òun. Mo kà á. “Èjìká mi, Marcelline ti bímọ. Kò sẹ́ni tí mo lè fi ọmọ mi lé lọ́wọ́ bí kò ṣe ìwọ.”

Ó ní, “Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí.”

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi sì ń bú òjò.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Agẹmọ
Ọjọ́ ìsàmì. Èjìká dé ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú kóòtù tuntun, ó na ọwọ́ láti gba ọmọ. Mo gbé e fún Étienne, ẹ̀gbọ́n Marcelline. Mo ní, “Jókòó, Grégoire.” Ó wo ojú mi, ó sì jókòó.