Àga Tí Mo Ṣe Ṣáájú Òrùlé

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò wa. Bàbá Kékeré, mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà yìí. Ìyábọ̀, àbúrò mi, ìwọ tí o ń ka lẹ́tà yìí, rọra kà á, má fo ìlà kankan. Mo fẹ́ kí Bàbá Kékeré jókòó ti Ìyá, nítorí ẹjọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àgbà ló sì yẹ kó dá a.

Ara mi le. Iṣẹ́ wẹ́dà ṣì ń lọ díẹ̀díẹ̀ ní Niangon, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìlú ti le, àwọn tó ń ṣe géètì kò pọ̀ mọ́. Òjò Abidjan ti dé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Ilé tí mo sọ fún yín lẹ́yìn oríta Siporex ti di tèmi, ìyẹn ilé Tàntí Ẹlísà, opó tíṣà ará Àjàṣẹ́, níbi tí ẹ̀yin àti Bàbá ti háyà yàrá kí ẹ tó padà sí Èjìgbò. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Ilé náà ti gbó. Dàúdà, birikìlà ọmọ Mọ̀sí tó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ní ilé ògbólógbòó ní ètò tirẹ̀: ohun tó lè pa ènìyàn là ń kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà ohun tó lè ba ilé jẹ́, ohun tí ojú ń rí ló ń kẹ́yìn. Èmi ti fẹ́ kun ilé kí n lè ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ó ní kí n gbé ọ̀dà sílẹ̀. A pààrọ̀ wáyà iná tí ara rẹ̀ ti bó. Ó wá ku òrùlé tó ń jò àti ṣaláńgá tí ìdérí rẹ̀ ti sán. Mo rò ó pé òjò kò lè ṣe ju kó rin mí lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ayálégbé lè já sínú ṣaláńgá. Mo ní kí a gbẹ́ tuntun, mo sì fi ibi tí wọn yóò gbẹ́ han àwọn oníṣẹ́.

Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí.

Wọ́n ti gbẹ́ ẹ dé orúnkún nígbà tí Tàntí wọlé wá kó àwọn ìkòkò rẹ̀ tó kù. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ó ju ọ̀pá náà sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá ọwọ́ dúró. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ibẹ̀ ni ọkọ òun gbé Àdùkẹ́ sí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ bí ẹnì kan ṣáájú mi, tí ó lo oṣù mẹ́rin péré. A kì í dárúkọ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé inú ilé tí mò ń rà ló wà. Nígbà tí mo pè yín láti kabíìnì tí a ti ń sanwó pe fóònù pé mo fẹ́ ra ilé Tàntí, ẹ kò béèrè iye rẹ̀. Ẹ ní ṣé Tàntí kò sọ nǹkan kan fún mi. Mo ní ó sọ pé kí n san owó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ó dáa, ẹ sì gbé fóònù fún Ìyábọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ ti bi mí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ni mo sì ń fi dá yín lóhùn. Ojú ń tì mí.

Ọkọ́ kò kàn án. Mo fi Ọlọ́run búra. Tàntí fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó ku ìṣísẹ̀ méjì. Mo ní kí àwọn oníṣẹ́ máa lọ, mo fi ọwọ́ ara mi kó iyẹ̀pẹ̀ padà. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mo sunkún, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú gbogbo ilé. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń mọ̀ pé àjò ni òun wà.

Tàntí ní Bàbá pàápàá kò mọ ibẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí ẹ ń padà sílé, tí ẹrù ti wà lórí ọkọ̀, Bàbá dúró nínú ọgbà, ó ń wo ilẹ̀ yíká, kò sì béèrè. Bàbá ti lọ, ọkọ Tàntí ti lọ. Òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n, àti èmi báyìí.

A gbé ṣaláńgá sí iwájú ilé, níbi tí mo fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Owó òrùlé bá a lọ. Korobá mẹ́ta ni mo gbé sábẹ́ ibi tó ń jò nínú yàrá mi.

Ìyá mi, mi ò ní kọ ibẹ̀ sínú lẹ́tà yìí. A kì í fi ojú oórì ọmọ han ìyá tó bí i, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ mi ni àṣà náà ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mo jó irin pọ̀, mo fi ṣe àga kan. Mo fi sìmẹ́ńtì ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ nínú ọgbà, kí ayálégbé kankan má lè gbé e kúrò. Dàúdà bi mí pé nínú ètò tí òun kọ́ mi, ipò wo ni àga wà, nígbà tí òjò ń rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Bàbá Kékeré, ẹjọ́ náà nìyí. Bí mo bá ṣẹ̀, ẹ sọ fún mi. Mi ò fi nǹkan kan han Ìyá. Àga ni mo ṣe, àgbàlagbà tó bá sì ti Èjìgbò wọkọ̀ dé ibí yóò fẹ́ jókòó.

Ìyá mi, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ara yín bá gbà á, ẹ wá. Ẹ jókòó síbẹ̀ títí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn. Mi ò ní bi yín léèrè nǹkan kan, ẹ̀yin náà, ẹ má bi mí.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ẹ ó fi ọwọ́ pẹ́ lára àwa tó kù. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ Ìyábọ̀ àti gbogbo ará ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tẹ́lẹ̀, àkọ́bí yín ni mo máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà.

Èmi ni, Àkànní,
ọmọ yín kejì.