Ìyá Ìbejì Mọ́kànlá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́.

Ètò tí mo fi sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Iléṣà, pé kó máa bá wọn rántí oníbàárà, ti pa Ìyá Ìbejì mọ́kànlá pọ̀ di ẹnì kan. Obìnrin kan ṣoṣo ló gba "Aṣọ yín ti dé" lẹ́ẹ̀mọ́kànlá!

Mo sáré ti Òṣogbo lọ. Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù fi omi tútù pàdé mi. Mo ní kí wọ́n máa kọ orúkọ àbísọ.

"Kí n máa pe ẹni tó jù mí lọ lórúkọ, nítorí kọ̀ǹpútà?"

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà náà.

Bí mo ṣe ń tún un ṣe ni mo rí nọ́ńbà tèmi níbẹ̀. Orúkọ: Ọmọ Kọ̀ǹpútà. Àkíyèsí: Ó máa ń tètè bínú. Ẹ fún un lómi tútù kó tó lanu.