Màmá Mùlíkátù Adéòjó àti Igi Ólífì Mẹ́rin Tí Ọkọ Wọn Gbìn sí Ẹ̀pẹ́

Òkè-Balógun ní ìlú Ẹ̀pẹ́ ni a ti bí Màmá wa, olóògbé Mùlíkátù Àwẹ̀ró Adéòjó, ní ọdún 1964. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ni olóògbé Abdulhakeem Ògúnsànyà, apẹja tí gbogbo etí ọ̀sà mọ̀. Ìyá wọn ni olóògbé Waliyah, tí ó ń yan ẹja tà ní Ọjà Olúwo. Ọmọ ẹlẹ́ja tinú tòde ni Màmá. Ẹni tó bá yínmú sí òórùn èéfín lára aṣọ wọn, wọ́n á sọ fún un pé òórùn náà ló rán àwọn ọmọ wọn níwèé.

Ilé kéwú ni wọ́n kọ́kọ́ lọ kí wọ́n tó lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n parí ní ọdún 1976. Nílé kéwú ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ igi kan tí wọ́n ń pè ní sàìtúnì, tí àfáà ní igi ìbùkún ni. Màmá bi àfáà pé báwo ni igi náà ṣe rí. Àfáà kò rí i rí, ó ní kí wọ́n jókòó.

Ní ọdún 1986, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé ẹja Màmá bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbomi kí ó tó gúnlẹ̀ ní Ìpakodò, Ìkòròdú. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe létí omi níbẹ̀, Israel Adéòjó, ọmọ bíbí Ìkirè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló dí ojú ihò náà. Ẹja kan ló ní kí wọ́n fi dúpẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún wá yẹ ọkọ̀ tí kò jò wò, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́sẹ̀ kejì. Ẹni tó bá ti ṣe ọ̀dọ́ rí mọ ohun tó ń wá. Bàbá tó bí Màmá ní òun kò ní fún onígbàgbọ́ lọ́mọ, ṣùgbọ́n àwọn àgbà jókòó sọ ọ́, wọ́n fẹnu kò pé kálukú á máa ṣe ẹ̀sìn tirẹ̀. Ìgbéyàwó wáyé ní ọdún 1987, wọ́n sì gba yàrá méjì ní Lásúnwọ̀n, Ìkòròdú. Nígbà tí àkọ́bí dé, Bàbá wa, Israel, sọ ọ́ ní Jọláolúwa. Nígbà tí èkejì dé, Màmá sọ ọ́ ní Sọ̀fíyàt. Kò sí ìjà nínú rẹ̀.

Ọjà Olúwo ni Màmá ti ń ra ẹja, Ìkòròdú ni wọ́n ti ń tà á. Wọn kì í pa àsàlátù jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá kì í ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn ni wọ́n dín ẹja tí gbogbo ìjọ jẹ. Ní ọdún 2009, àwọn ẹlẹ́ja fi wọ́n ṣe olórí. Ìjà tí wọ́n bá parí láàárọ̀ kì í tún hù lọ́sàn-án, nítorí ẹni tó bá tún un dá sílẹ̀ mọ̀ pé Màmá ò ní bá òun sọ̀rọ̀ fún oṣù kan.

Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi dín kù gan-an, Bàbá sì gba orílẹ̀-èdè Spéènì lọ ní ọdún 2006. Oko igi ólífì ni wọ́n ti ríṣẹ́, wọ́n ń fi ọ̀pá gbọn èso sílẹ̀. Orí fóònù ni Màmá ti mọ̀ pé ólífì tí Bàbá kọ́ nílé ìwé ọjọ́ ìsinmi àti sàìtúnì tí àwọn kọ́ nílé kéwú, igi kan náà ni. Màmá rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, “Ẹ bá mi wò ó dáadáa o, àfáà mi ò rí i rí.”

Ní ọdún 2012, Bàbá wálé fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fi aṣọ tútù di ọ̀dọ́ igi ólífì mẹ́rin sínú àpò, wọ́n sì gbìn wọ́n sórí ilẹ̀ tí Màmá jogún ní Ẹ̀pẹ́. Lójú gbogbo ilé ni Bàbá ti sọ pé, “Ọjọ́ tí wọ́n bá so, èmi fúnra mi ni màá ká a. Mi ò ní padà lọ mọ́ nìyẹn.” Wọ́n padà sí Spéènì. Màmá gba ọ̀rọ̀ yìí bí ìbúra.

Láti ọjọ́ náà, Màmá kì í dé Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n má kọ́kọ́ ya ìdí àwọn igi yẹn kí wọ́n tó ya ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja. Wọ́n á máa tú abẹ́ ewé wò bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ. Nílé, ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á tún gbé e kọ́. Àárò ọkọ wọn ń sọ wọ́n gidigidi, wọn kò sì fi bò. Bí àwọn ọmọ bá ní kí wọ́n wá máa gbé ọ̀dọ̀ àwọn, wọ́n á ní bí Bàbá bá dé, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn?

Ṣùgbọ́n ọlọ́jà ni Màmá, ilẹ̀ kì í ṣófo lójú wọn. Àlàfo tó wà láàárín àwọn igi náà, tìmátì àti ìgbá ni wọ́n gbìn síbẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn tìmátì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì kú. Màmá fà wọ́n tu, wọ́n gbin òmíràn sójú kan náà. Ní ọdún 2020, ẹ̀ka kan gbẹ lára igi ólífì àkọ́kọ́. Ewé rẹ̀ ká kò, kò sì já bọ́. Apá kejì igi náà ṣì tútù yọ̀yọ̀. Òùngbẹ ni Màmá pè é. Wọ́n pọn omi sí i, síbẹ̀ ó tún mú igi kejì.

Fọláwùmí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oko, ló wá gé ẹ̀ka náà. Ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. “Irú olú kan ni, Màmá,” ló wí, “ṣùgbọ́n ojú lásán ò lè rí i. Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ó máa ń gba gbòǹgbò wọlé, á wá dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè. Tìmátì yẹn ló kọ́kọ́ mú kó tó ran igi. Omi wà nílẹ̀ o, kò kàn lè dé òkè ni.” Ó ní kò sí oògùn tó lè wọ inú igi lọ bá a, àti pé omi tí wọ́n ń pọn sí i gan-an ń gbé àrùn náà káàkiri. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oko. Wọ́n ní, “Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tìlẹ̀kùn mọ́ ọkọ mi síta.”

Wọn kò sọ fún Bàbá. Bí Bàbá bá béèrè àwọn igi lórí fóònù, Màmá á ní wọ́n wà dáadáa, wọ́n á sì wo àwọn ọmọ lójú, kí kálukú pa ẹnu rẹ̀ dé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn igi náà ń kú. Ní ọdún 2023, nígbà tí ìkẹyìn gbẹ, Màmá kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Wọ́n pe Bàbá. “Bàbá Jọlá, àwọn igi yín ti kú o. Gbogbo wọn ló kú. Èmi ni mo gbin tìmátì tì wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé bẹ́ẹ̀.”

Bàbá fúnra wọn ló ní kí ẹbí kọ èsì tí wọ́n fọ̀ síbí yìí. Wọ́n ní, “Ìyá Jọlá, àwọn igi yẹn ò lè so ní Ẹ̀pẹ́. Òtútù ló ń jẹ́ kí wọ́n yọ òdòdó. Ọ̀gá mi ti sọ fún mi kí n tó gbé wọn wálé. Mi ò mọ ọjọ́ àbọ̀ tí mo lè dá fún ẹ ni. Mo ní kí o ṣáà ní nǹkan tí wàá máa wò.”

Inú bí Màmá, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi wá èso tí ẹni tó gbin igi mọ̀ pé kò sí. Bàbá pè títí, wọn kò gbé e. Sọ̀fíyàt bẹ̀ wọ́n, Màmá ní kó jíṣẹ́ kan ṣoṣo: “Sọ fún un pé mi ò fẹ́ igi wò mọ́. Òun gan-an ni mo fẹ́ máa wò.”

Bàbá dé nínú oṣù Kejìlá ọdún náà. Màmá kọ̀ láti bá àwọn ọmọ lọ pàdé wọn ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ní Lásúnwọ̀n, Màmá ṣílẹ̀kùn, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀.” Bàbá, pẹ̀lú ewú lórí, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó wọn níwájú àwọn ọmọ-ọmọ. A kò rí irú rẹ̀ rí nínú ẹbí yìí.

Àwọn méjèèjì ló jọ hú kùkùté àwọn igi náà, tí wọ́n sì dáná sun ún. Àgbàdo ni wọ́n gbìn síbẹ̀, nítorí àrùn náà kì í mú àgbàdo. Bàbá wá di ẹni tó ń yí ẹja lórí iná, Màmá á ní ẹni tó ń gbọn èso ní Spéènì ti ń jó ẹja òun ní Ìkòròdú. Ẹ̀rín pọ̀ nínú yàrá méjì náà. Ó dùn wá pé kò pẹ́ tó.

Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́, Màmá jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Ọwọ́ Bàbá ni wọ́n dì mú. Ọjọ́ náà ni a sin wọ́n sí Ẹ̀pẹ́ ní ìlànà Ìsìláàmù, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá wa pé síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ yìí.

Màmá fi àwọn ọmọ sílẹ̀: Jọláolúwa àti Sọ̀fíyàt, àti àwọn ọmọ-ọmọ: Ẹwàolúwa, Làtífù àti Ìtẹ́olúwa, wọ́n sì fi àbúrò sílẹ̀, Mujeeb Ògúnsànyà. Wọ́n fi ọkọ wọn sílẹ̀, Bàbá Israel Adéòjó, tí wọ́n ti dé, tí wọ́n wà nílé.

Kí Ọlọ́run forí àṣìṣe jì wọ́n, kí Ó fi Alijánnà ṣe ilé fún wọn, kí Ó sì bá wa tu Bàbá nínú. Ẹ sùn re o, Màmá wa. Ẹ má wo ọ̀nà mọ́.