Yìnyín Lórí Bàbá Ọkọ Mi

Ọjọ́rú, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà 1988. Ògbómọ̀ṣọ́.
Ìwọ ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún: èmi ni mo buwọ́ lùwé. Èmi, ìyàwó ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Àná ni ẹ̀gbà kọlu Bàbá ọkọ mi lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ẹnu wọn wọ́, apá ọ̀tún kú, ibà tún gorí ẹ̀. A gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà ní ibà yẹn á tún ba ọpọlọ jẹ́ sí i, òun fẹ́ fi yìnyín mú ara wọn tutù. Kò búra pé á ṣiṣẹ́. Ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mùílì ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àǹtí Ràmọ́tà, ní ká dúró de àwọn àgbà. Dókítà bi mí bóyá mo mọ̀wé kọ — èmi oníwèé mẹ́wàá. Mo buwọ́ lù ú gàdàgbà, mo tún kọ déètì sí i.

Ọjọ́bọ̀, 8.
Yìnyín àpò méjì láti Sábó. A fi aṣọ wé e, a tò ó sí abíyá Bàbá. Mùílì dé. Ó rẹ́rìn-ín sí mi láti ẹ̀yìn fáànù — eyín yẹn! Ọkọ ni mo ní. Kò béèrè ẹni tó buwọ́ lùwé. Èmi náà ò sọ.

Ẹtì, 9.
Lẹ́yìn àkókò ìbẹ̀wò, ara Bàbá gbóná lójijì. Dókítà ń họrí. Mo ṣí aṣọ ìbora: ìgò omi gbígbóná mẹ́ta, òrí yíyọ́ láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àǹtí Ràmọ́tà ni — láti òní lọ, Alómigbígbóná lorúkọ wọn níbí. Wọ́n ní òtútù ló fa ẹ̀gbà, ta ló ń fi òtútù wo òtútù? Wọ́n ń sunkún bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo kó àwọn ìgò kúrò. Mo fi ọ̀kan po tíì.

Àbámẹ́ta, 10.
Alómigbígbóná tún gbé ìgò síbẹ̀. Mo tún gbé e kúrò.

Ajé, 12.
Bàbá fi ọwọ́ di tèmi mú. Ọwọ́ ọ̀tún! Mo jó. Nọ́ọ̀sì ní kí n lọ jó níta.

Ọjọ́bọ̀, 22.
Àríyànjiyàn ní wọ́ọ̀dù: ṣé òrí ló wo Bàbá sàn ni àbí yìnyín? Dókítà ní òun ò lè sọ; àwọn mìíràn a máa sàn fúnra wọn. Alómigbígbóná ní, “Ta tiẹ̀ ló gbà kí wọ́n to bàbá mi sínú yìnyín bí ẹja?” Dókítà fa ìwé yọ. Orúkọ mi rèé, gàdàgbà. Mùílì ń wo àjà. Alómigbígbóná ní kí n padà sílé bàbá mi títí àwọn àgbà á fi dá ẹjọ́ mi.

Ẹtì, 23. Ọ̀yọ́.
Yàrá mi àtijọ́, lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán. Mùílì bá mi wá. Ó ní bí wọ́n bá lé mi, àwa méjèèjì ni wọ́n lé. Mo sunkún títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Àìkú, 25.
Mùílì lọ wo Bàbá, ó dé pẹ̀lú iṣẹ́. Bàbá ti sọ̀rọ̀! Ohùn wọn ń wọ́ nílẹ̀, àmọ́ gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́: “Àwọn ọmọ mi ń dúró de àgbà. Ìyàwó ò dúró. Láti òní, ìwé tó bá kàn mí, òun ni kó máa buwọ́ lù ú.” Alómigbígbóná ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá bá ní kí wọ́n pe gbogbo ẹbí wá gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Kí ẹnikẹ́ni má rán aṣojú. Kí ìyàwó jókòó síwájú.

Àyà mi ń já, inú mi ń dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ìpàdé ẹbí náà: ilé Bàbá, Ògbómọ̀ṣọ́, Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní Òkìtóbà, aago mẹ́wàá àárọ̀.