Wákàtí Mẹ́jọ Ohùn Màmá Yín

Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹjọ.

Misturat ọmọ mi,

"Láti òní lọ títí ayé, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo kò ní í sọnù mọ́ nínú ohùn àwọn àgbà ìlú yìí." Olóyè Adéwùmí, alága Ìgbìmọ̀ Àjogúnbá wa, ló sọ bẹ́ẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú lóṣù Kẹrin. A pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta wá. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé ní Kíṣì. Ara èmi le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní o ti ṣa ilé kòkòrò sányán kún agbọ̀n mẹ́ta, o fẹ́ se é kí o sì ran òwú rẹ̀ bí màmá yín ti ń ṣe, kí n fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ kí o lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ mi, n kò ní ohun tí mo lè fi ránṣẹ́.

O rántí kásẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tí mo gba ohùn Àdìjátù màmá yín sí kó tó kú. Ismaheel, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà nítorí pé kì í dáhùn orúkọ mìíràn, ló bá Ìgbìmọ̀ sọ wọ́n di fáìlì kan lórí lápútọ́ọ̀pù rẹ̀, tó sì dà á kọ sórí dísíìkì ńlá tí wọ́n rà.

Lọ́jọ́ tí a máa gbà á, Waheedat ẹ̀gbọ́n rẹ pè mí láti Ìbàdàn: "Bàbá, ẹ má wo bí fáìlì ṣe gùn nìkan o. Ẹ bi wọ́n pé àyè mélòó ló gbà lórí dísíìkì." Ní gbọ̀ngàn, Ismaheel fi hàn wá: gígábáìtì márùn-ún, wákàtí mẹ́jọ. Ó tẹ̀ ẹ́, màmá yín sì kí wa, omi bọ́ lójú mi. Mo rí ìlà kejì lábẹ́ rẹ̀, ti àyè tó gbà lórí dísíìkì: ọgọ́fà mẹ́gábáìtì péré. Ó yẹ kí n béèrè. Mo ní a kì í dójú ti ènìyàn láàárín èrò, mo sì buwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Alága ní ta ló ń tọ́jú háríhá lẹ́yìn tó jẹ àgbàdo tán? Wọ́n dáná sun kásẹ́ẹ̀tì. Ismaheel pa tinú lápútọ́ọ̀pù rẹ́.

Iléyá ni Waheedat wálé, a sì jókòó gbọ́ ọ. Màmá yín wúkọ́, ó lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ìkòkò, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kò le. Eérú tí à ń dà sínú omi rẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀." Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ ń ka àkókò lọ, kò sí ohùn kankan.

Waheedat bi kọ̀ǹpútà pé níbo ni a ti kọ nǹkan, níbo ló ṣófo. Ó dáhùn kíá: ìbẹ̀rẹ̀ nìkan la kọ; ìyókù, a kò kọ nǹkan kan síbẹ̀ rí. Waheedat ní ètò tó ń ṣe àdàkọ máa ń kọ́kọ́ sàmì sí gbogbo gígùn fáìlì, kó tó máa kún un díẹ̀díẹ̀. Iná tó ń gbé dísíìkì náà ṣiṣẹ́ lọ láàárín. Gígùn dúró, ọ̀rọ̀ kò wọlé, bẹ́ẹ̀ òdo ni ẹ̀rọ máa ń kà fún ẹni tó bá débi òfìfo. Ẹ̀rọ kò parọ́. Ìlà méjèèjì ló fi hàn wá. Àwa la mú èyí tó wù wá. Àwa ará Ìsẹ́yìn, tí a mọ̀ pé ẹni tó ta òwú la àgbàlá já kò tíì hun aṣọ.

Ismaheel ní iná ló lọ. Alága ní kí n má da ìlú rú, gígábáìtì márùn-ún ṣì pé síbẹ̀. Wọ́n ti fi gíláàsì bo ìwé tí mo buwọ́ lù, ó wà lára ògiri.

Kì í ṣe àwọn nìkan. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, màmá yín ń se sányán lẹ́yìnkùlé mi, n kì í yọjú àfi tí mo bá fẹ́ sọ pé èéfín pọ̀.

Kí Ọlọ́run fi Aljánnà kẹ́ ẹ. Kó dá ìwọ sí, kó má fi ohun iyebíye rẹ lé ẹni tó ń wá àtẹ́wọ́ lọ́wọ́.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Ládòkun.

Mo tún rántí: mo ti bi àwọn ìyá àgbà tó kù lágbo ilé wa. Ọ̀kan ní igi ayín, ọ̀kan ní igi òrí, ẹ̀kẹta ní òun kò bá wọn se é rí. Bí a bá ṣì í, yóò ba òwú jẹ́, nítorí náà má tíì gbé agbọ̀n kankan kaná. Eérú igi wo ni?