Ọ̀rá Orí Ìjókòó Ẹ̀yìn

Ọjọ́ Ẹtì

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣadé ọmọ mi ń pè ṣáá pé kí n ta alùpùpù ńlá tí bàbá òun fi ń rìnrìn àjò. Èmi fúnra mi ni mo ti sọ pé mo fẹ́ tà á, kí òun tó lanu.

Ọkùnrin kan wá wò ó láti Mọdákẹ́kẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣáná sí i tó dáhùn.

"Màmá, ta ló ń tọ́jú ẹ̀?"

"Ọwọ́ mi yìí ni." Láti ọdún mẹ́rin tí Bàbá Ṣadé ti kú, kò sí Sátidé tí mi ò nù ún.

A fẹnu kò lórí iye owó. Ló bá fẹ́ fa ọ̀rá orí ìjókòó ẹ̀yìn ya, ọ̀rá tó bá a wá láti ṣọ́ọ̀bù, tó ti pọ́n. Mo pariwo mọ́ ọn.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ gùn ún ni, Màmá?"

Mo ní kó padà wá lọ́la. Ṣé mo ti tà á ni, àbí mi ò tíì tà á?

Bàbá Ṣadé ló ní èmi ni màá kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, pé àwọn á gbé mi dé Ìbàdàn. Mo wá ní kí ẹnikẹ́ni má ya ọ̀rá náà títí dọjọ́ yẹn. Mi ò rán wọn létí rí. Èmi kì í bẹ̀bẹ̀.

Bàbá Ṣadé, ẹ jẹ mí ní Ìbàdàn. Ẹ san án.