Ibi Ọmọ tí Ìyá Pópó Sin

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́. Ilé yín ní Ìsàlẹ̀ Òsì ṣì dúró, páànù ẹ̀yìn nìkan ló ń jò. Mo ti bí ọmọkùnrin. Ká ní ẹ wà ni, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ rántí Àbẹ̀kẹ́ mi, tí ẹ máa ń fi òróró ra lẹ́sẹ̀ nígbà tí egungun bá ń ro ó? Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tó jogún lára èmi àti bàbá rẹ̀ kò tíì lọ. Nígbà tí mo lóyún yìí ni dókítà kan tó ti òkè òkun dé là wá lójú. Ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ṣẹ́kù sínú ibi àti ìwọ́ ọmọ tuntun, wọ́n lè gbà á sára ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dára, kó máa pèsè ẹ̀jẹ̀ gidi fún un. Ó ní ẹni tó máa bá wa ṣe é lọ́hùn-ún. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ Ìyá Pópó, ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀yin lẹ ti fi lélẹ̀ pé ibi ọmọ ilé wa kò gbọdọ̀ sun ọsibítù. Ọmọ ò tíì sunkún tán tí wọ́n ti gba ibi náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó di ẹ̀yìnkùlé yín. Kí dókítà tó dé, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti bomi rin ín. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní, “Kí ni mo ṣe? Bí a ti ń ṣe é náà ni mo ṣe é.” N kò kí wọn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Dókítà ní ká má bọ́hùn, pé tí ara àwọn ọmọ méjèèjì bá bára mu, a ṣì lè gba mùdùnmúdùn egungun àbúrò tó bá dàgbà díẹ̀. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Èsì dé lọ́sẹ̀ tó kọjá: kò bára mu. Ojú wọn jọra bí ìmumu, ara wọn ò jọra. Ohun yòówù tí wọ́n bá gbà lára àbúrò, ara Àbẹ̀kẹ́ á kà á sí àjèjì, á bá a jà. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti ń fà sí i lára, tó fi wà láàyè, ló tún kọ́ ara rẹ̀ ní ìjà yẹn. Ẹ̀jẹ̀ tiyín wà lára wọn, Bàbá. Ṣé ẹ rí ayé?

Mo ra adìyẹ ní Ọjà'ba, mo lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Pópó. Bí a tiẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ inú ibi yẹn gbà, kò ní wo Àbẹ̀kẹ́ sàn. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n bu ẹ̀kọ fún mi. Ṣùgbọ́n ó sàn fún mi nígbà tí mo ní ẹni tí mò ń bínú sí. Ta ni kí n wá bínú sí báyìí?

Kí Ọlọ́hun ṣàánú yín. Ẹ jẹ́ n dúró níbí, Àbẹ̀kẹ́ ti jí, ó ń pè mí.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Ìyá Àbẹ̀kẹ́